Wíkì Nínú Kíláàsì: Bí A Ṣe Ń Ṣètò Rẹ̀ Kí Iṣẹ́ Lè Jáde Níbẹ̀

Bí wíkì kíláàsì ṣe sábà máa ń kú nìyí: olùkọ́ ṣí i, ó kọ "Ẹ káàbọ̀, ẹ máa kọ ohun tí ẹ bá mọ̀" sójúewé àkọ́kọ́, ó pín ọ̀rọ̀ aṣínà, ó wá káwọ́ gbera, ó ń retí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ló ti kọ nǹkan, ọ̀kan nínú wọn sì da gbogbo tiẹ̀ kọ látibòmíì. Àwọn tó kù kì í ṣe ọ̀lẹ. Ojúewé tó ṣófo máa ń ba èèyàn lẹ́rù, èyí tí ẹlòmíì ti kọ nǹkan sí tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́. Tí ètò tí ẹ ṣe kò bá lé ẹ̀rù méjèèjì yìí lọ, kò sí ẹ̀rọ tó máa lé e lọ fún yín.

Ìgbà tí wíkì yẹ

Wíkì ni àkójọ ojúewé tí ẹni tó bá láṣẹ lè tún kọ nínú bùráúsà rẹ̀, tí ojúewé kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà tó ti ní rí. Ward Cunningham, ará Amẹ́ríkà kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1995. Inú èdè Hawaii ló ti mú orúkọ náà, "kíákíá" ló sì túmọ̀ sí.

Ìwé àjọkọ irú ti Google Docs náà gba ọ̀pọ̀ ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ ìwé kan ṣoṣo ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá jẹ́ àròkọ kan ni ẹ fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin jọ kọ, òun ni kí ẹ lò, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Wíkì yẹ fún ẹ̀kọ́ tó pín sí ẹ̀ka púpọ̀ tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì wọnú èkejì: ètò inú ara, ìtàn sáà kan, ìmọ̀ kẹ́mísìrì, ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí kíláàsì fúnra rẹ̀ ń kọ. Kò yẹ fún ohun tó ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ẹ má fi kọ́ wọn ní ìṣirò ìlọ́po.

Ẹ̀rọ wo ni kí ẹ lò?

Tí ilé ẹ̀kọ́ yín bá ti ń lo Moodle (ètò ìkọ́ni orí íntánẹ́ẹ̀tì), ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú rẹ̀. Nǹkan méjì ni kí ẹ fara balẹ̀ yàn kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́, torí Moodle kò ní jẹ́ kí ẹ yí wọn padà mọ́: orúkọ ojúewé àkọ́kọ́, àti bóyá wíkì náà jẹ́ ti gbogbo èèyàn tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ yan "Collaborative wiki". Èyí tó ń jẹ́ "Individual wiki" á fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ tí ọmọ kíláàsì míì kò ní rí, èyí sì sọ gbogbo ohun tí a fẹ́ ṣe di asán. Ẹ tún pinnu ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wíkì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró nínú Moodle, nítorí náà tí ẹ bá yí ètò ẹgbẹ́ padà láàárín iṣẹ́, ó lè dà bíi pé ohun tí wọ́n ti kọ ti pòórá. Kò pòórá o. Ó wà níbi tí wọn kò ti lè rí i mọ́ ni. Ohun míì tó máa ń bá àwọn olùkọ́ lójijì ni pé wíkì inú Moodle kò ní àyè fún máàkì. Ẹ ṣí iṣẹ́ àṣetiléwá kan lọ́tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ìyẹn.

Tí ẹ bá ní sáfà tiyín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí wíkì á máa gbé lórí rẹ̀, DokuWiki ló rọrùn jù láti tọ́jú. PHP, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà kan, nìkan ló ń béèrè, kò nílò dátábéèsì rárá; fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni ojúewé kọ̀ọ̀kan. MediaWiki, tí Wikipedia fúnra rẹ̀ ń lò, lágbára jù ú lọ, pàápàá níbi ká fi ẹ̀dà méjì wéra, àmọ́ ó fẹ́ dátábéèsì àti ẹni tó máa ń bójú tó o. TiddlyWiki dára gan-an fún àkọsílẹ̀ ẹnì kan, ṣùgbọ́n fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá fi pamọ́ kẹ́yìn ló máa bo tẹni tó ṣáájú mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé e fún ẹgbẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lo MediaWiki, ìlà mẹ́ta yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú fáìlì LocalSettings.php, kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó wọlé:

$wgGroupPermissions['*']['read'] = false;
$wgGroupPermissions['*']['edit'] = false;
$wgGroupPermissions['*']['createaccount'] = false;

Èkíní ò ní jẹ́ kí àlejò ka nǹkan kan, èkejì ò ní jẹ́ kó tún nǹkan ṣe, ẹ̀kẹta ò ní jẹ́ kó ṣí àkáǹtì fúnra rẹ̀. Wíkì tó bá ṣílẹ̀ gbayawu lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í pẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ tó ń polówó ọjà tó kún inú rẹ̀.

Ohun yòówù kí ẹ yàn, akẹ́kọ̀ọ́ kan, àkáǹtì kan. Ẹgbẹ́ tó bá ń lo àkáǹtì kan ṣoṣo ti fọ́ ojú ìtàn àtúnṣe yín, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú ìtàn yẹn lẹ ti máa mọ ẹni tó ṣe kí ni.

Pípín ẹ̀kọ́ sí ojúewé

Iṣẹ́ tó gba ọpọlọ jù lọ wà níbí, ẹ̀yin nìkan lẹ sì máa ṣe é. Kíláàsì tó ní 30 akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́wàá ẹlẹ́ni mẹ́ta mẹ́ta. Nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, ẹni méjì ló máa ń fara pamọ́. Ẹ wá àkọlé mẹ́wàá nínú ẹ̀kọ́ náà tí ó nira láti ṣàlàyé ọ̀kan láìdárúkọ òmíràn. Tí ẹ bá rí àkọlé tí èèyàn lè kọ parí láì mẹ́nu ba àwọn mẹ́sàn-án tó kù, ẹ yọ ọ́. Kò wúlò nínú wíkì, bó ti wù kó ṣe pàtàkì tó.

Ẹ kọ ojúewé àkọ́kọ́ fúnra yín, kí orúkọ ojúewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjápọ̀ (ohun tí a ń tẹ̀ láti lọ sí ojúewé míì). Nínú MediaWiki àti DokuWiki, ìjápọ̀ tó lọ sí ojúewé tí kò tíì sí máa ń pupa. Pupa yẹn ń ṣiṣẹ́: ó ń fi ohun tó kù han kíláàsì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, títẹ̀ ẹ́ sì ni ọ̀nà tó yá jù láti dá ojúewé náà sílẹ̀.

Ẹ má wá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ojúewé tó ṣófo. Ẹ fi ìbéèrè ṣe àkọlé abala sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, báyìí:

== Kí ni? ==
== Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? ==
== Kí ló so ó mọ́ ojúewé yòókù? ==
== Kí ni kò tíì dá wa lójú? ==
== Ibo la ti rí i? ==

Ẹ má yọ abala kẹrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé àyè wà fún "kò dá wa lójú" kì í parọ́ láti fi dí àlàfo. Lábẹ́ abala àkọ́kọ́, ẹ kọ gbólóhùn kan tó mẹ́hẹ: èyí tí kò pé, tàbí èyí tó ní àṣìṣe tí wọ́n lè rí. Ẹ sọ fún wọn pé àṣìṣe wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè bẹ̀rẹ̀ ìwé máa ń lè tún ìwé ṣe, tó bá sì ti tún gbólóhùn kan ṣe, èyí tó tẹ̀ lé e kì í ṣòro fún un mọ́.

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ báyìí: ojúewé kan tí yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, ojúewé méjì ti ẹgbẹ́ míì tí yóò máa ṣọ́. Ẹ kọ orúkọ sí i. Tí ẹ bá kàn sọ pé "kí gbogbo yín máa wo ti ara yín", kò sẹ́ni tó máa wò ó.

Ọjọ́ àkọ́kọ́: 40 ìṣẹ́jú

Ẹ má fi ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ wọn ní gbogbo àmì. Nínú MediaWiki, mẹ́rin ti tó: == lápá méjèèjì fún àkọlé abala, [[ ]] fún ìjápọ̀, ''' lápá méjèèjì fún ọ̀rọ̀ tó dúdú kirikiri, * níbẹ̀rẹ̀ ìlà fún àtòjọ. Ẹ kíyè sí i pé DokuWiki yàtọ̀: ** lápá méjèèjì  ló ń lò fún ọ̀rọ̀ dúdú, àmì = sì ń ṣiṣẹ́ lódìkejì níbẹ̀, bó bá ṣe pọ̀ sí ni àkọlé ṣe ń tóbi sí, mẹ́fà ló tóbi jù. Olùkọ́ tó bá ti mọ́ ọn lára láti lo ọ̀kan máa ń ṣi èkejì kọ́ àwọn ọmọ.

Ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn wọlé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kó jókòó ti ẹnì kejì rẹ̀ lónìí. Ẹ má dá kíláàsì dúró tìtorí ẹnì kan. Ìṣẹ́jú 10, kí kálukú ṣí ojúewé ìdánrawò tirẹ̀, kó kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohunkóhun, kó fi ìjápọ̀ kan sí i. Ìṣẹ́jú 10 míì, kí wọ́n lọ sí ojúewé ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún wọn, kí wọ́n tún ohun kan ṣe níbẹ̀. Ẹ̀rín á sọ. Ẹ jẹ́ kó sọ, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ló ń kúrò yẹn.

Lẹ́yìn náà, lójú gbogbo wọn, ẹ ṣí ojúewé kan tí wọ́n ti kọ nǹkan sí, ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ẹ fi pamọ́. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Ẹ wá tẹ "History", ẹ mú ẹ̀dà tó ṣáájú, ẹ dá a padà. Ìṣẹ́jú kan péré lèyí gbà, ó sì ju àlàyé ìdajì wákàtí lọ. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ohun tí wọ́n pa rẹ́ kì í sọnù kò ní bẹ̀rù láti tẹ bọ́tìnnì mọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú tó kù ka ìtàn àtúnṣe pẹ̀lú wọn: ẹni tó kọ ọ́, ìgbà tó kọ ọ́, ohun tó yọ, ohun tó fi kún un.

Ibi tí ojúewé méjì ti pàdé

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yípo inú ara. Ẹgbẹ́ tó ń kọ "Òpó ẹ̀jẹ̀" kọ báyìí:

"Òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde kúrò nínú ọkàn ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn kún inú rẹ̀. Èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn ló ń gbé èyí tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dínkù."

Ó dùn ún gbọ́, ó sì dùn ún há sórí. Lọ́jọ́ kan náà, ẹgbẹ́ tó ń kọ "Ẹ̀dọ̀fóró" kọ pé ọ́síjìn kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ti inú ọkàn bọ̀ wá sí ẹ̀dọ̀fóró, pé ibẹ̀ gan-an ló ti máa gbà á. Bí wọ́n bá kọ èyí sínú ìwé iṣẹ́ tiwọn, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì ta kora. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ fi ìjápọ̀ sí "Òpó ẹ̀jẹ̀". Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n kà á, ó di àríyànjiyàn. Tí wọ́n bá wò ó dáadáa, wọ́n á rí i pé òpó tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ń ti inú ọkàn jáde lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ dínkù ló ń gbé. Àwọn tó ń ti ẹ̀dọ̀fóró padà sínú ọkàn ló ń gbé èyí tí ọ́síjìn kún. Ọ̀nà tí òpó kan forí lé la fi ń mọ irú òpó tó jẹ́, a kì í fi ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Olùkọ́ kò tíì la ẹnu.

Torí irú èyí la ṣe ń lo wíkì, torí rẹ̀ náà sì ni òfin ìjápọ̀ fi gbọ́dọ̀ le. Ojúewé kọ̀ọ̀kan ní láti ní ìjápọ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, sí iṣẹ́ ẹgbẹ́ míì. Ìjápọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà nínú gbólóhùn tó sọ bí nǹkan méjèèjì ṣe kan ara wọn. Ẹ má gba àtòjọ "Ẹ tún wo" tí wọ́n ń tò sí ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti lóye ohunkóhun kó tó lè to irú rẹ̀.

Fífọwọ́ kan iṣẹ́ ẹlòmíì

Òfin mẹ́ta tó, ẹ má jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe lẹ́tà tàbí àmì ohùn: ẹni tó bá rí i, kó tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Ohun tí èèyàn gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀: kó yí i padà tó bá ní ibi tó lè tọ́ka sí, kó sì kọ ìdí rẹ̀ sójúewé ọ̀rọ̀ (èyí tó so mọ́ ojúewé kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ti ń jíròrò nípa rẹ̀); tí kò bá ní, kó béèrè níbẹ̀. Yíyọ ohun tó ju gbólóhùn méjì lọ: kó kọ́kọ́ sọ ọ́ lójúewé ọ̀rọ̀, kó dúró ọjọ́ kan. Nínú MediaWiki, kí wọ́n parí ohun tí wọ́n bá kọ sójúewé ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àmì ~~~~, yóò sọ ara rẹ̀ di orúkọ wọn pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.

Àpótí kékeré kan wà nísàlẹ̀ ibi ìkọ̀wé fún àlàyé àtúnṣe. Ẹ fi ṣe dandan. "Mo tún un ṣe" kì í ṣe àlàyé. "Mo fi òpó tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kún un torí ohun tí a kọ tẹ́lẹ̀ ta ko ojúewé Ẹ̀dọ̀fóró" ni àlàyé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lè kọ gbólóhùn yẹn ti lóye ẹ̀kọ́ náà, ẹ lè má wulẹ̀ bi í ní nǹkan míì.

Àwọn kan máa ń pín ipò fún ọmọ ẹgbẹ́: oǹkọ̀wé, ẹni tó ń wá orísun, ẹni tó ń so ojúewé pọ̀. Ó dára, tí ẹ bá ń yí i po lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ kò bá yí i, ẹni tó mọ lẹ́tà kọ dáadáa á di ẹni tó kàn ń tún àmì ṣe títí sáà á fi parí, kò ní mọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ohun tó máa ń dàrú

Èèyàn méjì kọlu ara wọn lórí ojúewé kan. DokuWiki máa ń ti ojúewé mọ́ ẹni tó kọ́kọ́ ṣí i lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15, àyàfi tí ẹ bá yí i padà, nítorí náà ẹni kejì máa dúró. MediaWiki kì í tì í. Ẹni tó bá fi pamọ́ ṣìkejì ló máa rí ìkìlọ̀. Àpótí tó wà lókè ni ohun tó ti wà lórí wíkì báyìí, tìsàlẹ̀ ni tirẹ̀. Kó da ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ sínú tòkè, ní àyè tó yẹ, kó tó fi pamọ́. Ẹni tó bá bínú tó ti bùráúsà pa ló máa ń pàdánù iṣẹ́. Kó má tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ ló dára jù: kí wọ́n tẹ àtúnṣe abala kan dípò ti odindi ojúewé, kí wọ́n sì máa fi pamọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé ó tẹ́ òun lọ́rùn láti kọ ọ́ síbòmíì ná, kí òun wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ wíkì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má gbà. Ìtàn àtúnṣe rẹ̀ á wá jẹ́ ìlà kan ṣoṣo, ẹ kò sì ní mọ bóyá òun ló ronú ẹ̀ tàbí ó kó o níbi kan.

Ní ti kíkó ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, ojú là ń fi mọ̀ ọ́n. Àtúnṣe kan ṣoṣo tó gùn gbọọrọ, tí kò ní àṣìṣe kankan, tí nọ́ńbà bíi [3] ṣẹ́kù láàárín gbólóhùn rẹ̀: ó ti ibòmíì wá nìyẹn. Kí ẹ tó fún un ní òdo, ẹ ní kó sọ ohun tó wà níbẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta tirẹ̀, kó sì fi rọ́pò gbogbo rẹ̀. Àwọn kan á sọ pé ọ̀fẹ́ kúkú ni ọ̀rọ̀ inú Wikipedia. Òótọ́ ni pé ìwé àṣẹ CC BY-SA 4.0 tó wà lórí rẹ̀ gbà kí èèyàn tún un lò, tó bá ti dárúkọ ibi tó ti mú un tó sì fi àṣẹ kan náà pín in; àmọ́ ẹ̀yin kò sọ pé kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ọ̀fẹ́ wá, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ni.

Gbogbo wọn á tún fẹ́ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn. Gbèdéke kan ṣoṣo ló ń fà á. Fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ fi mẹ́ta sí i: àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, àtúnṣe sí ojúewé méjì tí wọ́n ń ṣọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè ojúewé ọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ẹ máa ṣí "Recent changes", ojúewé tó ń to àwọn àtúnṣe tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wáyé, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ má tún nǹkan ṣe fún wọn níbẹ̀ o. Ìbéèrè ni kí ẹ máa kọ. Bí olùkọ́ bá ti tún gbólóhùn kan ṣe, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó máa fọwọ́ kàn án mọ́.

Fún èdè tó ń lo àmì ohùn, irú tiwa yìí, ìṣòro kékeré kan tún wà. "Ẹ̀jẹ̀" àti "Eje" jẹ́ ojúewé méjì lójú MediaWiki, ìjápọ̀ tí kò ní àmì á sì pupa bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúewé náà ti wà. Ẹ dá ojúewé "Eje" sílẹ̀, kí ẹ kọ #REDIRECT [[Ẹ̀jẹ̀]] nìkan sínú rẹ̀, ẹni tó bá wá síbẹ̀ á bá ara rẹ̀ níbi tó yẹ.

Máàkì

Ojúewé tó parí kì í sọ ẹni tó ṣiṣẹ́. Ẹ pín in: 40 fún ojúewé ẹgbẹ́, 40 fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ṣe, 20 fún àwíyé rẹ̀ lójúewé ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ojúewé ẹgbẹ́ nìkan lẹ máàkì, ẹnì kan á ṣe gbogbo rẹ̀, ìbínú rẹ̀ á sì tọ́.

Ẹ má máa ka gbogbo ìtàn àtúnṣe tán, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan yan àtúnṣe mẹ́ta tirẹ̀ tó gbà pé ó dára jù, kó fi ìjápọ̀ ìfiwéra ẹ̀dà méjèèjì ránṣẹ́, kó sì kọ gbólóhùn méjì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa ìdí tó fi ṣe é. Ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà wà lórí ojúewé ẹgbẹ́ míì. Fún akẹ́kọ̀ọ́ 30, àtúnṣe 90 nìyẹn. Ní ìṣẹ́jú kan sí ọ̀kan, wákàtí kan àtààbọ̀.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí MediaWiki ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtúnṣe, +3,000 tàbí −400. Báìtì, ìyẹn ìwọ̀n àyè tí ọ̀rọ̀ gbà nínú kọ̀ǹpútà, ló ń kà, kì í ṣe lẹ́tà. Lẹ́tà ọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ lè jẹ́ báìtì 5, nígbà tí o lásán jẹ́ 1. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kàn fi àmì ohùn sí ìpínrọ̀ kan á dà bí ẹni tó kọ ìpínrọ̀ tuntun. Bẹ́ẹ̀ náà ni −400 lè jẹ́ iṣẹ́ tó dára jù lọ nínú kíláàsì, bí ẹni náà bá sọ ìpínrọ̀ mẹ́ta tó ń yí po di ọ̀kan tó yéni.

Tó bá jẹ́ orí Wikipedia gan-an lẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí

Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan nínú wíkì kíláàsì. Tí ẹ bá ti wá ṣe tán, kí wọ́n ṣí àkáǹtì wọn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, láti ilé tàbí lórí fóònù wọn, torí Wikipedia kì í gbà ju àkáǹtì tuntun 6 lọ lójúmọ́ láti orí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan. Kíláàsì tó bá jókòó sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, tí gbogbo wọn ń ṣí àkáǹtì pa pọ̀, ẹni keje ló máa kọ́kọ́ há. Kí orúkọ oníṣe wọn má jẹ́ orúkọ wọn gan-an, pàápàá àwọn ọmọdé. Wikipedia kò sì gbà kí èèyàn méjì máa lo àkáǹtì kan.

Kí wọ́n kọ ọ́ sójúewé ìdánrawò tiwọn ná, kí ẹ ti ṣàyẹ̀wò orísun rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde. Èrò tara wọn kò ní àyè níbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé tàbí ìròyìn tó ṣeé gbára lé. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Programs & Events Dashboard, tó ń fi ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe han olùkọ́. Ẹ má fi máàkì so mọ́ bóyá ohun tí wọ́n kọ ṣì wà níbẹ̀: ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí lè yọ ọ́ lóru, ó sì lè jàre.

Tí sáà bá parí

Ẹ ti gbogbo ojúewé mọ́ lọ́jọ́ tí máàkì bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má bàa máa máàkì ohun tó ṣì ń yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fún DokuWiki, ẹ da àpò data àti conf kọ, ó parí. Inú data/attic ni àwọn ẹ̀dà àtijọ́ wà, ẹ má gbàgbé rẹ̀ torí pé orúkọ rẹ̀ dà bíi ti ohun tí wọ́n kó jù sí àjà. Fún MediaWiki, ẹ nílò mẹ́ta: ẹ̀dà dátábéèsì, àpò images, àti LocalSettings.php.

Ẹ má pa wíkì náà rẹ́. Ẹ gbé e fún kíláàsì tó ń bọ̀, kí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ láti abala "Kí ni kò tíì dá wa lójú?" tí àwọn tó ṣáájú fi sílẹ̀. Àmọ́ ẹ yọ orúkọ àwọn tó ti lọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó hàn sí gbogbo èèyàn, ẹ ti àkáǹtì wọn pa, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣí ẹ̀dà ìpamọ́ yẹn lórí kọ̀ǹpútà míì kí ọlidé tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù tí wọ́n bá wọlé padà kọ́ ni ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé àpò images kò sí nínú rẹ̀.